Ta Ló Pẹja?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Perth, ní Scotland, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà. Bí mo ṣe gbóhùn rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé inú ń bí i. Mo rò pé wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni.

"Àǹtí mi," ó ní, "wọn ò ka ẹja mi mọ́ ẹja."

Mo ní kó jókòó, kó rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn apẹja kan níbẹ̀. Lóṣooṣù, wọ́n máa ń lọ díje lórí adágún kan tó wà láàárín òkè, ènìyàn méjì nínú ọkọ̀ kan. Wọn kì í fi ekòló ṣe ìjẹ. Ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ eṣinṣin, òun ni wọ́n ń jù sómi. Ọmọ náà jù ú láti àárọ̀ títí apá fi ń ro ó, kò rí ju ẹja méjì tó tó ìka lọ. Nígbà tí àkókò tó, ẹnìkejì rẹ̀ di àjẹ̀ mú, wọ́n ń wakọ̀ bọ̀ wá sétí omi. Kò rántí ká okùn rẹ̀. Okùn ń wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn, àfi gbì! Ohun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja trout ni, kìlógíráàmù 2, kò sẹ́ni tó pa irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń wọn ẹja, bàbá arúgbó kan bi í báwo ló ṣe mú un. Ọmọ wa, tí a tọ́ dáadáa, sọ òtítọ́. Bàbá náà mirí. Ó ní wíwọ́ ni ó wọ́ ọ, kò jù ú, ìyẹn kì í ṣe ẹja pípa tí àwọn wá ṣe.

"Ẹ bá mi dá a, Àǹtí mi. Ọ̀pá yẹn náà ni. Okùn yẹn náà ni. Ìwọ̀ eṣinṣin yẹn náà ni. Kí ló wá kù?"

Ìtàn ni mo fi ọdún 34 kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì sórí kòkó mi níbí ní Ìdànrè, ó sì mọ̀ pé mi ò ní lè ṣe kí n má wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé fóònù sílẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń pa mí. Ẹjọ́ tó gbé wá yìí, bàbá rẹ̀ ti rò ó rí lójú mi, létí odò kan lẹ́yìn Òdòdé níbí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1961.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá wa, orí òkè ni wọ́n ti bí i, ní Ufẹ̀ Òkè àtijọ́. Ó ti tó ọmọge kékeré kí àwọn ènìyàn wa tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní 1923. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn rí á mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń wá ẹja lọ. Omi orí àpáta ni omi ibẹ̀, ó ń sun tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dá sínú kòtò. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà lórí òkè yẹn tí kò sí níbòmíràn láyé; 1963 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, láti 1970 wọn ò sì tún fojú kàn án mọ́ títí di 2013. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá kì í lúwẹ̀ẹ́ nínú ibú bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yòókù, ara àpáta tútù ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà ní akàn nìkan ni ohun tí àwọn ọmọdé ń rí mú. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n bá àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀wẹnà pàdé, ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àrọ̀.

Bí a bá ti ká kòkó tán, tí ọyẹ́ ti kọjá, tí oòrùn ń jó ewé, odò á fà. Kò ní ṣàn mọ́, á kàn dúró ní ibú, ibú. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin ń lọ gbọ́n odò. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹrẹ̀ àti ewé ni wọ́n fi ń dí i lókè, wọ́n á dí i nísàlẹ̀, wọ́n á wá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ pẹ̀lú ugbá. Ugbá ni àwa ń pe igbá, bí a ṣe ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́. Wọ́n á máa gbọ́n omi dànù sẹ́yìn ohun tí wọ́n fi dí i, orin lẹ́nu, wàà, wàà, wàà. Iṣẹ́ àárọ̀ títí di ọ̀sán ni. Ẹ̀yìn á ro, àtẹ́lẹwọ́ á funfun, á hun jọ. Nígbà tí omi bá kù sí ọrùn ẹsẹ̀, ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀yìn ẹja á máa yọ dúdú, dúdú.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti máa ń pariwo pé, "Ẹ dúró!" Òun ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Á rọra máa fi ọ̀pá tẹ abẹ́ gbòǹgbò àti ihò etí odò nítorí òjijí, ẹja tó ń gbọn ènìyàn lápá bí iná mànàmáná. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mi ò dúró. Ọmọ ọdún 9 ni mí, mo ti rí ìrù kan tó ń wọ abẹ́ gbòǹgbò, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ṣe rí. Apá mi kú dé èjìká, mo fi ìdí lélẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹnu mi ò sì lè pa dé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ìyá àgbà ní, "O ti bá onílé pàdé."

A kó àrọ̀ lọ́jọ́ náà, a kó èpìyà, a kó akàn. Ẹni tó gbọ́n omi ló ń gba ìpín, àti ọmọ tó kàn gbé abọ́ lásán. Àwọn kéékèèké, ìyá àgbà kó wọn sínú omi òkè, ó wá fi ẹsẹ̀ já ohun tí a fi dí i. Omi ya wálẹ̀, ó pọ́n, ó ń hó, ibú tún kún bí ẹni pé a ò dé ibẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́n omi. Ọmọ ọdún 14 ni, ó ti ń ka ara rẹ̀ mọ́ ọkùnrin. Ìsàlẹ̀ odò ló jókòó sí láti àárọ̀ pẹ̀lú ọparun, ọ̀rá, pòpòrò àgbàdo tó léfòó lójú omi, ekòló nínú agolo, àti ìwọ̀ Mustad kan tó fi owó tó tọ́jú fún oṣù méjì rà lọ́jà. Ní Norway ni wọ́n ti ń rọ ìwọ̀ yẹn nígbà náà, ó sì ń gbé e kiri nínú ìdì owú bí ẹni gbé wúrà. Èpìyà kan ṣoṣo ló pa, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí ìyá àgbà na abọ́ sí i pé kó da tirẹ̀ mọ́ ọn kí a lè yan án pọ̀, ó kọ̀.

"Tèmi, mo pa á ni," ó ní. "Tiyín, ẹ kó o ni."

Àwọn obìnrin yẹn dákẹ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ba. Ìyá àgbà wo èpìyà náà, ó wo ọmọkùnrin náà. Ó ní, "Kò burú. Jẹ́ ká gbé wọn kaná, ká wo èyí tí kò ní jinná."

Bí mo ṣe sọ, mo wádìí ọ̀rọ̀ ìwọ̀ eṣinṣin yìí, mo sì rí i pé àwọn òyìnbó ti ń bá ara wọn jà nítorí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tó gbé ìjà náà wá yé mi. Ìwọ̀ eṣinṣin kò wúwo ju ìyẹ́ adìẹ lọ. Bí o bá jù ú lásán, afẹ́fẹ́ á dá a padà sí ọ lójú. Nítorí náà, okùn gan-an ni wọ́n mú wúwo. Apẹja á fi ọ̀pá nà án sẹ́yìn, á fi nà án síwájú, okùn á máa fò lókè orí rẹ̀ bí pàṣán darandaran, títí yóò fi gbé eṣinṣin lọ balẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí omi. Jíjù yẹn ni iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọdún kọ́. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹja títóbi jù lágbàáyé, International Game Fish Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, kọ ọ́ sínú òfin wọn gbọingbọin: okùn ni kó gbé ìwọ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń rìn ló ń wọ́ ọ. Bàbá arúgbó Scotland yẹn kò dá òfin sílẹ̀ látinú ikùn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé nípa ìwọ̀ eṣinṣin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ni Aelian, ará Róòmù, ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Ó ní ní Makedóníà, àwọn ènìyàn odò Astraeus ń fi òwú pupa dì mọ́ ìwọ̀, wọ́n á fi ìyẹ́ méjì láti abẹ́ ọ̀fun àkùkọ kún un. Gígùn ọ̀pá wọn, ẹsẹ̀ bàtà 6. Gígùn okùn wọn, ẹsẹ̀ bàtà 6. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí í fò dé. Wọ́n kàn ń gbé e lé omi lórí ni, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé ekòló rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àwọn ará Makedóníà yẹn wá síwájú ẹgbẹ́ 1939, ṣé wọ́n á kà wọ́n?

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni jíjù wá di ọba. Ní 1886, Frederic Halford, ará England, tẹ ìwé jáde lórí eṣinṣin tó ń léfòó. Àwọn tó tẹ̀lé e wá sọ ọ́ di ẹ̀sìn: àfi kí eṣinṣin dúró lójú omi, àfi kí o ti kọ́kọ́ fojú rí ẹja tí o fẹ́ jù ú sí. Agbẹjọ́rò kan ní London, G. E. M. Skues, ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé inú omi ni ẹja ti ń jẹ púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí tirẹ̀ rì díẹ̀, ó sì kọ ìwé tirẹ̀ ní 1910. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1938, àgbà ọkùnrin tó gbé kóòtù wọ̀ jókòó ní Flyfishers' Club ní London, wọ́n ń jiyàn lórí bóyá ó bójú mu kí eṣinṣin rì. Ọdún kan ṣáájú ogun Hitler.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ṣẹlẹ̀ ní odò Tay, odò tó gba inú Perth tí ọmọ wa ń gbé kọjá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1922, Georgina Ballantine wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Bàbá ń wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀ lójú odò, okùn ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Harling ni wọ́n ń pe wíwọ́ yẹn níbẹ̀. Ẹja kékeré tó ń pòòyì ló wà lẹ́nu ìwọ̀ rẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe eṣinṣin. Ẹja salmon kan gbé e. Ó lé ní wákàtí méjì tí wọ́n fi jọ fà á. Pọ́ùn 64 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 29, àti títí di òní, ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, kò tíì sí ẹni tó fi ọ̀pá pa salmon tó jù ú lọ. Wíwọ́ ló wọ́ ọ. Mo sì fọkàn sí i pé obìnrin ni.

Ní Maine, ní Amẹ́ríkà, obìnrin ló tún wà nídìí rẹ̀. Carrie Stevens, tó ń ṣe fìlà àwọn obìnrin, fi ìyẹ́ di eṣinṣin gígùn tó jọ ẹja wẹ́wẹ́. Ní 1924 ó fi irú rẹ̀ pa trout tó lé ní pọ́ùn 6, òkìkí rẹ̀ kàn. Jíjù ni òun jù ú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Maine a máa so irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ̀pá kan náà, wọ́n á wọ́ ọ lẹ́yìn ọkọ̀ lórí adágún nígbà tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, orúkọ kan náà, fífi eṣinṣin pẹja, ni wọ́n sì ń pè é. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé ẹja sílẹ̀.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe èyí. Ní Argungu, lókè ọ̀hún ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja láti 1934 tí Sultan Sokoto wá kí wọn, tí UNESCO sì kọ orúkọ ọdún náà sínú ìwé ní 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ń bẹ́ sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ńlá ni wọ́n gbà láyè. Ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìwọ̀ Mustad rẹ̀, etí odò ni yóò dúró sí tí yóò máa wòran.

Ohun tí mo wá rí nìyí, òun náà ni mo sì sọ fún ọmọ náà nígbà tí mo pè é padà. Orúkọ irin iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn rẹ fi sọ iṣẹ́ náà, nítorí náà ni ẹ fi ń jà. Bí orúkọ bá ti wà lára eṣinṣin, ẹni tó bá ní eṣinṣin lọ́wọ́ á ní òun wà nínú ẹ̀. Ní tiwa, ohun tí ọwọ́ ń ṣe la fi ń pè é. A ń dẹ ìwọ̀, bí ọdẹ ṣe ń dẹ ìgbẹ́: ìjókòó dè é ni. A ń da àwọ̀n. A ń dẹ ìgèrè lóru, a sì ń lọ sùn. A ń gbọ́n odò. Ìwọ, o wọ́ ọ. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà, kò ní bi ọ́ bóyá ó jọ jíjù. Bí wọ́n bá pè ọ́ síbi ìdíje jíjù, tí o wá wọ́, ẹjọ́ rẹ dàbí ti ẹni tó ta ayò ju ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Bàbá arúgbó yẹn jàre. Ṣùgbọ́n bó bá ní o ò pẹja rárá, ó purọ́.

Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní òun rò pé ẹ̀yìn òun ni mo máa wà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí ìyá àgbà ní ohun kan kì í ṣe ẹja pípa. Ó jẹ́ nǹkan bí 1966, mo ti wà ní ilé ìwé Módà. Gàmálíìn 20 ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olóko nígbà náà, oògùn tí a ń fọ́n sára kòkó nítorí kòkòrò tó ń fa omi ara èso àti ẹ̀ka rẹ̀. Kò sí ilé tí kò ní agolo rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ẹnìkan, a ò mọ̀ ọ́n títí dòní, lọ da a sókè odò lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ikùn ẹja funfun bo ojú omi láti ibú kan dé èkejì, ńlá àti wẹ́wẹ́, akàn, àkèré, òjijí pàápàá. Àwọn ènìyàn ti ń kó wọn sínú agbọ̀n. Èmi náà ti kó ẹkún abọ́ kan. Ìyá àgbà dé, ó dúró, kò fi ẹsẹ̀ kan omi. Ó ní kí n da abọ́ mi nù.

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n pẹja? Odò ni wọ́n pa."

Òun náà mọ májèlé àtijọ́ o. Ó sọ fún mi pé àwọn ìyá òun máa ń gún àídan sínú ibú, ẹja á mutí yó, èyí tí wọn ò bá sì kó, bó bá ṣe díẹ̀ á tún jí. Ìyẹn, ó kà á kún iṣẹ́ ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ó kà á. Ti Gàmálíìn kò jí. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni a ò fi rí nǹkan gbọ́n nínú odò yẹn. Ní 1992, ìjọba ológun ṣe òfin lórí ẹja pípa nínú omi abẹ́lé, wọ́n ka májèlé àti ohun abúgbàù léèwọ̀. Ìyá àgbà ti kú nígbà náà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìgbà tí mo pe ọmọ náà padà, mo gba Àlàdé lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni ọdún 79 ni báyìí, ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé. Ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Mo rò ó fún un bó ṣe jẹ́, adágún, ọkọ̀, okùn tó ń wọ́, bàbá arúgbó.

"Ó wọ́ ọ?" ó ní. "Ọ̀lẹ ọmọ. Bàbá yẹn ṣe dáadáa."

Mo ní mo mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn.

"Mélòó ló wọ̀n?"

"Kìlógíráàmù 2."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń fọkàn wọn èyí. "Ẹja ni. Ṣé ó yan án ni, àbí ó fi se ọbẹ̀?"

Mo sọ fún un pé kò jẹ ẹ́. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, bí wọ́n bá ti wọn ẹja tán, tí wọ́n ti yà á ní fọ́tò, omi ni wọ́n ń dá a padà sí láàyè.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife kalẹ̀. "Tirẹ̀ nìkan, nítorí ó wọ́ ọ?"

"Ti gbogbo wọn ni."

"Bàbá tó ní kò pẹja ńkọ́?"

"Tirẹ̀ náà."

Ó kọjú sí òkè, ibi tí ìkùukùu ti ń ká kúrò lórí àpáta, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Nígbà náà, ta ló pẹja nínú wọn?" Ó na ọwọ́ fún fóònù mi. "Bá mi pe ọmọ yẹn. Mo fẹ́ sọ fún un pé èpìyà tèmi yẹn, mo jẹ ẹ́."